Iṣẹ́ Abẹ fún Ẹsẹ̀ Pẹlẹbẹ Tí Ń Dun Àgbà

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ ni ó nílò dókítà. Ti àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ́, tí ìrora sì mú un lábẹ́ kókósẹ̀ apá inú, ni ó yàtọ̀: lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan tí ó gbé àárín ẹsẹ̀ ró ni ó ń gbó.

Ohun àtẹ̀sínú bàtà àti eré ìdárayá ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún oṣù mélòó kan. Bí ìrora kò bá lọ, ó di iṣẹ́ abẹ. Níhìn-ín sì ni fònídónìí-fọ̀ladọ́la ti ń pani lára. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì rọ̀, oníṣẹ́ abẹ a fi iṣan tí ń ká àwọn ìka ẹsẹ̀ kéékèèké rọ́pò èyí tí ó bàjẹ́. A gé egungun gìgísẹ̀, a tì í sí apá inú ní ìwọ̀n bíi sẹ̀ǹtímítà kan, a sì fi irin dè é. Bí ẹsẹ̀ bá ti gan, oríkèé mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń so pọ̀ di ọ̀kan. Ìrora a rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò ní lè yí sọ́tùn-ún sósì dáadáa mọ́ lórí ilẹ̀ gbágungbàgun.

Nítorí náà, kí ará Kánò má ṣe dúró di ìgbà tí yóò re ilé lọ sí Ìgbòbí. Ilé ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Dala. Òmíràn wà ní Enúgu. Kí oníṣòwò tètè wá ẹni tí yóò bá a dúró ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ó tó ọ̀sẹ̀ 6 tí kò ní fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, ó sì lè tó ọdún kan kí agbára rẹ̀ tó pé. Egungun amusìgá kì í tètè so.