Èèpo Ẹ̀gẹ́: Ẹ Má Jẹ́ Kó Di Àìsàn, Ẹ Sọ Ọ́ Di Owó

Ọ̀rọ̀ èèpo ẹ̀gẹ́ la fẹ́ sọ lónìí. Ẹnìkan lè ní, "Nọ́ọ̀sì, kí ló kàn ọ́ nínú èèpo?" Ó kàn mí o! Nígbà òjò, àwọn ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí mo bá bi ìyá wọn pé níbo lọmọ ti ń ṣeré, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ni.

Ẹ wò ó. Tí a bá bó ẹ̀gẹ́ tán, a ó da èèpo jọ gègèrè. Kó tó di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ó ti ń rà, eṣinṣin ti bò ó. Eṣinṣin yẹn ti bà lé ìgbẹ́, ó tún wá bà lé ẹ̀kọ ọmọ. Àìsàn wọlé nìyẹn.

Oró tún wà nínú ẹ̀gẹ́, sáyánáìdì ni wọ́n ń pè é. Ó pọ̀ nínú èèpo ju inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ tó bá jẹ èèpo tútù yó lè kú. Omi ẹ̀gẹ́ tí a fún, tó bá ṣàn dé odò, lè pa ẹja. Àwọn kan ní ká sun ún. Èèfín rẹ̀ ńkọ́? Àyà àwọn ọmọ wa ló ń wọ̀.

Kí la wá lè ṣe? Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ILRI àti IITA ti fi ọ̀nà kan hàn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sá èèpo lásán á dúró ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, òjò á dé, á bu. Báyìí, ẹ ṣa iyanrìn àti pàǹtí kúrò lára èèpo lọ́jọ́ tí ẹ bó o. Ẹ lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lọ ẹ̀gẹ́, títí yóò fi kúnná. Ẹ fún omi rẹ̀, kó sùn di ọjọ́ kejì. Ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa. Èèpo tútù tọ́ọ̀nù 3 ń mú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran jáde. Ẹni tó ń sin adìyẹ, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ewúrẹ́ yóò rà á. Àmọ́ kí wọ́n pò ó mọ́ oúnjẹ mìíràn o, òun nìkan kò tó ẹran.

Èyí tí ẹ kò bá lè lọ̀, ẹ kó o mọ́ ewé, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran, ẹ fi koríko bò ó, ẹ máa yí i. Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta, ó di ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́ àti àgbàdo.

Kì í ṣe nǹkan tó jìnnà sí wa. Ní Àjàṣẹ́ níbí, láti 1985 ni Fadá Godfrey Nzamujo ti dá Songhai sílẹ̀ lórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran di gáàsì ìdáná, ìdin eṣinṣin di oúnjẹ ẹja. Ohun tí ọ̀kan sọ nù, òmíràn jẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi. Èèpo tàbí àgbàdo tó ti bu, ẹ má fún adìyẹ jẹ: oró wà nínú rẹ̀, ó lè dé inú ẹyin tí ọmọ yín ń jẹ. Ẹ gbẹ́ kòtò fún omi ẹ̀gẹ́, kó jìnnà sí kànga àti odò. Ẹ má da ọ̀rá mọ́ èèpo. Tí ẹ bá fọwọ́ kan ajílẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó gbé ọmọ.

Bí ọmọ bá sì ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ fún un ní omi SRO, ẹ má dá ọmú dúró. Tí ojú rẹ̀ bá jìn, tí kò lè mumi, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ẹ má dúró di ọ̀la, ilé ìwòsàn lọ́wọ́ kan.

Òkìtì tó wà lẹ́yìn ilé yín yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó dìgbà o.