Ẹ Ṣọ́ra fún Oògùn Olóró

Ẹ̀yin ọmọ, oògùn dára. Bí ibà bá mú yín, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yóò fún yín ní oògùn, yóò sì sọ iye tí ẹ óò lò. Bí ẹ bá lò ó bí wọ́n ti wí, ara yóò yá. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń lo oògùn tí dókítà kò fún un, tàbí tí ó ń lò ó ju bí ó ti yẹ lọ, ìlòkulò oògùn ni a ń pe ìyẹn.

Kí ni oògùn olóró?

Oògùn olóró ni èyí tí ó máa ń da ọpọlọ rú, tí òfin sì ka títà àti lílò rẹ̀ léèwọ̀. Igbó, kokéènì àti hẹróìnì wà lára wọn. Àwọn kan jẹ́ oògùn ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń lò wọ́n ní ìlòkulò. Tramadol wà fún ẹni tí ìrora ńlá ń bá jà. Kódíìnì wà nínú oògùn ikọ́ kan. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu ún bí ọtí, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ náà àti kíkó o wọ ilẹ̀ wa ní oṣù karùn-ún 2018. Ìwádìí tí a gbé jáde ní 2019 fi hàn pé, láìka ọtí àti sìgá, àwọn bíi mílíọ̀nù 14 ní Nàìjíríà lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan.

Báwo ni ó ṣe ń di bárakú?

Kò sí ẹni tí ó jí ní òwúrọ̀ tí ó wí pé òun fẹ́ di ẹrú oògùn. Ọ̀rẹ́ ni ó sábà máa ń wí pé, "Tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan péré." Inú ẹni náà yóò dùn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, ìwọ̀nba tí ó ń lò kò ní tó o mọ́. Yóò máa fi kún un. Bí kò bá rí i lò, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, kò ní rí oorun sùn, inú yóò sì máa bí i. Ó ti di bárakú nìyẹn. Kì í ṣe fún ìgbádùn ni ó ń lò ó mọ́, bí kò ṣe kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀.

Àwọn tí ń gbé e kiri

Àwọn àgbà ní, bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí àwọn tí ń tà á kò bá tán, àwọn tí ń lò ó kò ní tán. Nítorí náà ni ìjọba ṣe fi òfin dá àjọ NDLEA sílẹ̀ ní 1989. Wọ́n ń ṣọ́ ẹnubodè bíi Ìdí-Ìrókò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilẹ̀ wa ti bá ti Benin pààlà. Ẹni tí wọ́n bá mú lè fi ẹ̀wọ̀n ọ̀pọ̀ ọdún jura. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín ní gáréèjì Kútọ̀ tàbí ní Láfẹ́nwá, tí ó ní kí ẹ bá òun gbé lailọ́ọ̀nù kan fún bọ̀dá kan, kí òun fún yín lówó, ẹ má gbà á.

Ìwòsàn wà ní Arò

Ní 1944, a sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, di ibi ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn. Ní 1954, ilé ìwòsàn Arò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ni ó ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní abúlé ìtòsí, pẹ̀lú ìbátan wọn kan. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Ní àwọn ọdún 1980, a dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní Arò fún àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Níbẹ̀, dókítà a kọ́kọ́ tọ́jú ara wọn títí oògùn náà yóò fi kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Àwọn kan máa ń tún padà sínú ìwà náà lẹ́yìn tí wọ́n bá dé ilé. Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí ìrètí. Wọ́n lè padà wá gba ìtọ́jú.

Kí ni ẹ lè ṣe?

Ká ní ẹ rí i pé ẹ̀gbọ́n yín ń lo oògùn olóró, tí ó sì bẹ̀ yín pé kí ẹ má sọ. Ẹ sọ fún bàbá tàbí ìyá yín, tàbí olùkọ́ yín. Kì í ṣe òfófó. Àìsàn tí a bá fi pamọ́ ni ó ń pa ni. Ẹ má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Aláìsàn ni, ọmọ ìyá yín sì ni.

Ìdánwò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín lílo oògùn àti ìlòkulò oògùn?
2. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé oògùn ti di bárakú fún ènìyàn?
3. Ètò wo ni Dókítà Lámbò ṣe ní Arò?
4. Kí ni ẹ óò ṣe bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ bá ní kí ẹ bá òun gbé ẹrù?
5. Ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe gbólóhùn: bárakú, ẹnubodè, òfófó.