Òmùwẹ̀ tó fẹ́ gbẹ̀mí là: ṣé òfin lè mú un?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Àwọn oníṣòwò tó ń rajà ní Balógun, tí wọ́n ń wọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bùtè Èrò lọ sí Ìkòròdú, mọ ìtumọ̀ òwe yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dojú dé, tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìwẹ̀ abẹ́ omi bẹ́ sódò láti yọ èrò, tí ẹnì kan sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣé mọ̀lẹ́bí òkú lè pè é lẹ́jọ́?

Òfin tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fi dandan mú ẹni tó ń kọjá lọ pé kó yọ àjèjì tó ń rì. Ti ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ìdóòlà yàtọ̀; iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti dáwọ́ lé e kò gbọdọ̀ fi àìbìkítà sọ ọ̀rọ̀ di ńlá ju bó ṣe bá a lọ. Ikú nìkan kò sọ olùdóòlà di ẹlẹ́bi. Ohun tí adájọ́ máa wò ni ohun tí ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ náà ì bá ṣe nínú irú pàjáwìrì bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Harrison Okene ṣàlàyé èyí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 rì sínú òkun nítòsí Escravos, ní ìpínlẹ̀ Delta. Èèyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Okene, tó jẹ́ alásè ọkọ̀ náà, nìkan ló yè é. Ó lo nǹkan bí wákàtí 60 nísàlẹ̀ omi tó jìn tó mítà 30. Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ wá gbé kí wọ́n tó bá a láàyè. Bí wọ́n bá fà á sókè lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pa á. Yàrá irin ni wọ́n fi í sí, tí wọ́n ń dín agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ fún ohun tó ju ọjọ́ méjì lọ. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó bá gbójú fo irú nǹkan báyìí lè ní ẹjọ́ láti jẹ́. Wọn kò ní fi òṣùwọ̀n kan náà wọn apẹja.

Bí olùdóòlà fúnra rẹ̀ bá kú ńkọ́? Ní 1959, Kọ́ọ̀tù Kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ẹjọ́ dókítà kan tó wọnú kànga láti yọ òṣìṣẹ́ méjì tí èéfín ẹ́ńjìnnì dá kú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú. Kọ́ọ̀tù ní ilé-iṣẹ́ tó dá ewu náà sílẹ̀ ló jẹ̀bi ikú dókítà. Ìdájọ́ náà kò de adájọ́ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó lè tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, kí ọlọ́kọ̀ tó ń kó èrò àti ẹrù ju agbára ọkọ̀ lọ ṣọ́ra: ẹ̀mí ẹni tó bẹ́ sódò láti gba èrò rẹ̀ là lè wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú.