Ilé Títà Ní Ìdálẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó kọ́lé sí Kánò, Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì ni ó máa ń fẹ́ tà á bí ọjọ́ àtipadà sílé bá dé. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú tà á, òógùn ọdún púpọ̀ ni ó fi ta ọ̀pọ̀.

Ojú ni olùrà kọ́kọ́ fi ń ra ilé. Kí onílé ro koríko àgbàlá, kí ó kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, kí ó pààrọ̀ páànù tí ó ń jò, kí ó sì kun ògiri ní ọ̀dà. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi ọ̀dà bo ògiri tí ó lanu; òjò kan ṣoṣo ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Ìwé ni ó ṣe pàtàkì jù. Lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí Gómìnà lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á láìgba ìyọ̀ǹda Gómìnà. Nítorí náà, kí ìwé ilẹ̀ àti rìsíìtì owó ilẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí olùrà tó dé. Kí aya àti ọmọ pẹ̀lú gbọ́ sí i, nítorí ilé tí a tà láìfohùnṣọ̀kan, ẹjọ́ ni í bí.

Ilé tí ó mọ́, tí ìwé rẹ̀ pé, kì í bẹ olùrà.