Àwo Oníke, Iṣẹ́ Ọ̀wẹ̀ àti Ilẹ̀ Etí Odò

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá gba Agbowó kọjá ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí iléèwé ti pa, ẹ ó rí àwọn ọmọdékùnrin tí wọ́n fi òkúta méjì ṣe ojú gólù sí àárín títì. Bí mọ́tò bá ń bọ̀, ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i yóò kígbe, gbogbo wọn yóò sì sá sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Bí mọ́tò bá kọjá tán, eré tún bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ó rí ní ẹ̀yìn ọjà Bódìjà, àti ní àwọn òpópónà kéékèèké tí ó wà láàárín Ring Road àti Challenge. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ wọ̀nyí jẹ́ aláìgbọràn. Ibi tí wọn yóò ti ṣeré ni kò sí.

A ní pápá ńlá ní ìlú yìí o. Láti ọdún 1960 ni pápá ìṣeré Liberty ti wà ní Ring Road, òun náà ni ìjọba àpapọ̀ sọ ní orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 2010. Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ní ọdún 1963 tí gbogbo ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n pápá bí irú èyí kì í ṣe ibi tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè sáré dé láàárín ìgbà tí ìyá rẹ̀ gbé ọbẹ̀ kaná àti ìgbà tí ọbẹ̀ jinná. Ohun tí à ń wá ni àyè tí ó súnmọ́ ilé, tí kò ná ni lówó, tí ọmọdé àti àgbà yóò lè jọ lò.

ERÉ TÍ A KÒ NÍ Í GBÁ ARA WA LẸ́SẸ̀

Eré kan wà tí púpọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa kò tí ì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Disc golf ni àwọn òyìnbó ń pè é. Àwa yóò pè é ní gọ́ọ̀fù aláwo. Ẹ ti mọ gọ́ọ̀fù gan-an, eré àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ń ṣe ní Oníréke, ti ọ̀pá irin àti bọ́ọ̀lù funfun kékeré. Nínú ti aláwo, kò sí ọ̀pá, kò sí bọ́ọ̀lù. Àwo oníke pẹlẹbẹ kan, tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 21, ni a ó máa fi ọwọ́ jù. Ẹni tí ó ń ṣeré yóò dúró lójú àmì, yóò jù ú, yóò rìn lọ síbi tí ó bọ́ sí, yóò tún jù ú láti ibẹ̀, títí yóò fi wọ inú apẹ̀rẹ̀ irin tí wọ́n gbé kọ́ òpó, tí wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ yí ká. Iye ìgbà tí ó jù ú ni à ń kà. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ni ó borí. Ihò ni wọ́n ń pe ibi kọ̀ọ̀kan tí apẹ̀rẹ̀ wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ihò kankan. Mẹ́sàn-án tàbí méjìdínlógún ni ó sábà máa ń wà nínú pápá kan.

Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣe é. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn lè ṣe é, nítorí ìrìn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bàbá àti ọmọbìnrin rẹ̀ lè jọ ṣe é, kí ọmọ náà sì na bàbá rẹ̀ láìsí ìjà.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ed Headrick ni ó la àkọ́kọ́ nínú àwọn pápá rẹ̀ tí ó wà títí di òní, ní Oak Grove lẹ́bàá ìlú Pasadena, ní Kalifọ́níà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1975. Ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe àwo Frisbee ni ó ti ṣiṣẹ́ rí, òun ni ó sì tún àwo náà ṣe tí ó fi ń fò gbọọrọ láìmì. Ní ọdún 1976 ó dá ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe eré náà sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé òpó lásán ni wọ́n kọ́kọ́ ń ju àwo sí ní Oak Grove. Lẹ́yìn náà ni òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ronú kan apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n. Nígbà tí ó kú ní ọdún 2002, wọ́n po eérú òkú rẹ̀ mọ́ ike, wọ́n sì fi ṣe àwo, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́. A kò dábàá ìyẹn fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ wa o! Lónìí, irú pápá bẹ́ẹ̀ tí ó wà káàkiri àgbáyé lé ní 15,000, púpọ̀ jù lọ nínú wọn ni a kì í sì í san owó kí a tó wọ̀.

Ohun tí ó mú kí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni a torí rẹ̀ kọ ìwé yìí. Kì í ṣe ìjọba ni ó dá ṣe wọn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìjọba ìbílẹ̀ a fún wọn ní ilẹ̀ àti àṣẹ, àwọn oníṣòwò àdúgbò a ra apẹ̀rẹ̀ kan tàbí méjì kí a lè kọ orúkọ wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn aládùúgbò tí ó yọ̀ǹda ara wọn a sì wá ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta pẹ̀lú ayùn àti réèkì. Àwọn ni wọ́n ń ro igbó, àwọn ni wọ́n ń po kankéré, àwọn náà ni wọ́n ń padà wá ṣa ìdọ̀tí. Ìdílé mìíràn a gba ihò kan gẹ́gẹ́ bí tiwọn, wọn a sì máa tọ́jú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún.

Bí a bá sọ èyí fún àwọn bàbá wa, wọn yóò ní ọ̀wẹ̀ ni. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ àáró, níbi tí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ yóò ti máa ṣe oko ara wọn ní àṣepadà, lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ. Wọ́n sì mọ ọ̀wẹ̀, níbi tí ẹnì kan yóò ti pe ẹbí àti ojúlùmọ̀ sí iṣẹ́ ńlá kan, tí yóò sì bọ́ wọn yó. Pápá ìṣeré àdúgbò pa méjèèjì pọ̀: iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ni a fi ń kọ́ ọ, àáró ni a fi ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé Nehemiah orí kẹta yóò rántí bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń tún odi ṣe ní ọ̀kánkán ilé ara wọn. Ọgbọ́n ń bẹ nínú ìyẹn. Ẹni tí ihò kẹta wà ní iwájú ilé rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a da ilẹ̀ síbẹ̀.

ILẸ̀ WO NI A Ó LÒ?

Níbí ni ọ̀rọ̀ gbé wà, kò sì yẹ kí a yára kọjá lórí rẹ̀. Gọ́ọ̀fù olóbọ́ọ̀lù oníhò méjìdínlógún a máa jẹ ilẹ̀ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún éékà. Ti aláwo kò rí bẹ́ẹ̀. Fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, bí ìdajì éékà tó fún ihò kan, nítorí náà éékà mẹ́rin ààbọ̀ yóò gba ihò mẹ́sàn-án. Síbẹ̀, pulọ́ọ̀tì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nìyẹn, bí a bá fi 60 ẹsẹ̀ sí 120 wọ̀n ọ́n. Ta ni yóò fún wa ní pulọ́ọ̀tì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ní Bódìjà lónìí?

Ilẹ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí: etí odò. Àwọn àgbà inú wa kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún tí ó gbé ilé, gbé mọ́tò, gbé ènìyàn lọ, tí ó sì kó ọ̀pọ̀ ẹranko ọgbà Agódi lọ pẹ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́ wa náà rí tiwọn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tí ẹ̀mí tí ó bá omi lọ ní ìlú yìí lé ní ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé tí ó dí omi lọ́nà. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí a bá wó ilé kúrò lórí rẹ̀? Ọdún kìíní, koríko. Ọdún kejì, ààtàn. Ọdún kẹta, ẹnì kan yóò gbé búlọ́ọ̀kù wá ní òru. Bí ilé bá sì tún dí omi lọ́nà, a mọ ohun tí oṣù Kẹjọ yóò ṣe.

Ilẹ̀ tí odò máa ń kún bò ni ọ̀pọ̀ pápá gọ́ọ̀fù aláwo wà ní Amẹ́ríkà. Oak Grove tí a wí yẹn gan-an wà ní òkè dáàmù kan tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1920 láti dá omíyalé dúró. (Devil's Gate, ẹnu ọ̀nà èṣù, ni orúkọ dáàmù náà, orúkọ náà kò dára létí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ dára.) Bí omi bá bo apẹ̀rẹ̀ irin mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì, tí ó sì fà, a ó fọ ẹrọ̀fọ̀ kúrò lára rẹ̀, eré yóò máa bá a lọ. Ilé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Pápá tí èrò ń rìn lójoojúmọ́ sì ṣòro fún ẹni tí ó fẹ́ gbé búlọ́ọ̀kù wá ní òru.

Kì í ṣe gbogbo etí odò ni ó dára fún un. Ní Dùgbẹ̀, kankéré àti ṣọ́ọ̀bù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ Ògùnpa tán, kí a má ti ibẹ̀ wò rárá. Ibi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, tí ó gùn lọ bí ọ̀já, tí igi díẹ̀ sì wà lórí rẹ̀, ni a ń wá. Bí òjò bá ń ṣú, kí ọmọ kankan má ṣe wà níbẹ̀; èyí kò ní àríyànjiyàn.

Lẹ́yìn náà ni ìwé. A mọ àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n fi Àbámẹ́ta mẹ́fà ro ilẹ̀ kan, tí ọmọ onílẹ̀ sì tà á ní Àbámẹ́ta keje, nítorí wọ́n ti bá a ro ó mọ́. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ bí ó ti ń rí ní ojú pópó. Nítorí náà, kí àdá kankan tó kan koríko, kí ẹgbẹ́ àwọn onílé kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀, Ìbàdàn North bí ó bá jẹ́ Bódìjà tàbí Agbowó, kí wọ́n sì gba èsì tí ó ní òǹtẹ̀ lórí. Kí baálẹ̀ mọ̀ sí i. Kí ìwé náà má sì ṣe wà ní ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Èrò tiwa ni pé kí a má fi orúkọ ìjọ kankan pe pápá náà, àní ìjọ tiwa pẹ̀lú. Bí a bá kọ orúkọ ìjọ wa sí i lára, ọmọ Àlùfáà tí ó wà ní òdìkejì títì kò ní wá, bẹ́ẹ̀ ni ilé wọn ni omi kọ́kọ́ ń wọ̀. Kí gbogbo wa jọ roko, kí a jọ ṣeré.

IṢẸ́ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí a rìn ín wò kí a tó ro ó. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta, téèpù gígùn kan, èèkàn igi àti ọ̀dà pupa. Ihò kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 50 sí 80 lọ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwo náà fúyẹ́ lóòótọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 180 péré, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ le, bí ó bá sì ba ènìyàn lójú, àánú ni ó kù. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ jù ú sọdá ojú ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà lọ sọ́jà, tàbí kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ihò méjì gba ara wọn kọjá. Àwọn òyìnbó máa ń kígbe bí àwo bá ṣìnà. Àwa ti ní tiwa tẹ́lẹ̀: “Àgò o!”

Kí a má gé igi ńlá kankan. Igi ni ó ń mú kí eré náà dùn, ìbòòji rẹ̀ sì ni àwọn ìyá yóò jókòó sí. Igbó abẹ́ rẹ̀ nìkan ni kí a ro. Ìdọ̀tí ni yóò gba agbára jù, ọ̀rá àti ìgò fífọ́ ní pàtàkì, kí àwọn ọmọdé má ṣe bá wa ṣa ìgò. Kí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ wọ bàtà, kí bárò sì wà nílẹ̀.

Ní ti apẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òkè òkun ni a ó ti kó o wá. Wẹ́dà tí ó ń ṣe géètì ní àdúgbò lè fi irin rọ́ọ̀dù àti ẹ̀wọ̀n jó o pọ̀ bí a bá ya àwòrán rẹ̀ fún un. Kí a gbẹ́ ilẹ̀, kí a da kankéré sí ìdí òpó, kí a sì jó ìdí náà mọ́ ọn dáadáa, nítorí àwọn tí ń ra irin àlòkù kò sùn ní òru. Òpó igi tí a fi ọ̀dà kùn yóò tó fún oṣù bíi mélòó kan, bí ó ti tó ní Oak Grove. Àwo ni ó yẹ kí a fi owó rà. Ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kò lè fò lọ jìnnà, bí àwọn ọmọ yóò tilẹ̀ kọ́kọ́ fi ṣe é.

Oúnjẹ ńkọ́? Ọ̀wẹ̀ tí kò ní oúnjẹ, ẹni tí ó bá wá lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá. Ẹ̀wà àti bùrẹ́dì ti tó. Kí àwọn bàbá náà bù ú fún àwọn obìnrin nígbà mìíràn, nítorí àwọn obìnrin yóò ti wà nídìí réèkì láti aago méje.

Ihò mẹ́ta péré ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú òpó igi, ní oṣù Kejì tàbí Kẹta nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ. Kí òjò oṣù Kẹfà àti Keje rọ̀ lé wọn lórí, kí a rí ibi tí omi dúró sí àti ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti là sí ojú ọ̀nà fúnra wọn. Bí ó bá di oṣù Kọkànlá, a ó yí òpó tí kò sí ní ipò rẹ̀ padà, a ó po kankéré ojú àmì, a ó sì pe wẹ́dà.