Bí onímọ́tò bá ṣí kúrò nílé

Ẹni tó ń kó ẹrù láti Kétu lọ sí Kútọnu kì í gbàgbé ibùsùn àti ìkòkò. Ìwé àsúráǹsì ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í rántí, nítorí pé ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ kò tíì pé.

Òfin CIMA, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ ń lò, kò wo ọjọ́ nìkan. Bí ṣíṣí ilé bá mú kí ewu pọ̀ sí i, ọjọ́ 15 péré ni onímọ́tò ní láti fi lẹ́tà sọ ọ́ fún ilé-iṣẹ́ àsúráǹsì. Ọkọ̀ tó ti ń sùn nínú ọgbà, tó wá ń sùn lẹ́bàá títì, kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́ lójú ẹni tó ń ṣírò ewu olè.

Ká ní ó san 60 000 fáráǹkì níbi tó yẹ kó san 80 000, tí olè sì gbé ọkọ̀ lọ. Bí kò bá sí ẹ̀tàn, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó tó tọ́ sí i ni yóò gbà. Bó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa á mọ́, àdéhùn di òfo, wọn kò sì ní dá owó tó san padà.

Apá kan òfin náà wà tó ṣe onímọ́tò lóore, àmọ́ a kì í sábà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta àsúráǹsì. Bó bá jẹ́ ewu ibùgbé àtijọ́ ni àdéhùn dá lé, tí ewu náà kò sì sí níbi tuntun, ó lè fòpin sí i láàárín oṣù mẹ́ta tó ṣí. Wọn yóò sì dá owó àkókò tó kù padà fún un.

Kí ó gba ìwé ẹ̀rí lẹ́tà náà ní ilé ìfìwéránṣẹ́.