Owó Ìrànwọ́ Ìjọba àti Àgbẹ̀ Ẹ̀wà Sóyà ní Agbègbè Tamale

Ní Kpalsi, àti ní gbogbo agbègbè Tamale ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, ìgbà òjò kan ṣoṣo ni ó wà lọ́dún. Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ gbin ẹ̀wà sóyà, tí a ń fún epo lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìgbà yìí fo òun. Èyí ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ̀, kí ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ ìjọba tó lè yé wa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó tí ìjọba ń kà lé àgbẹ̀ lọ́wọ́ ni owó ìrànwọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Gánà. Ní ọdún 2008, nígbà tí ajílẹ̀ gbówó lórí káàkiri àgbáyé, ìjọba pín ìwé kúpọ́ọ̀nù fún àwọn àgbẹ̀ láti fi rà á ní ẹ̀dínwó. Nígbà tí ó di ọdún 2010, wọ́n pa kúpọ́ọ̀nù tì. Àwọn oníṣòwò tí ń kó ajílẹ̀ wọlé ni ìjọba wá ń san ẹ̀dínwó náà fún. Ní ọdún 2017, Ààrẹ Nana Akufo-Addo dá ètò ‘Planting for Food and Jobs’ sílẹ̀, ẹ̀wà sóyà sì wà lára ohun ọ̀gbìn tí ó kàn.

Ọ̀nà yìí ní ìṣòro mẹ́ta. Èkíní, bí ìjọba bá jẹ oníṣòwò ní gbèsè, ajílẹ̀ kì í tètè dé oko. Ní ọdún 2014, kò tilẹ̀ sí ẹ̀dínwó rárá. Èkejì, àwọn onífàyàwọ́ a máa kó àpò ajílẹ̀ ẹlẹ́dìínwó kọjá ibodè lọ sí Burkina Faso. Ẹ̀kẹta, ẹ̀wà sóyà kò dàbí àgbàdo. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú gbòǹgbò rẹ̀ ni ó ń fa nitrogen inú afẹ́fẹ́ wá fún un. Nítorí náà, ajílẹ̀ yúríà kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún un. Irúgbìn tí ó dára ni ó ń fẹ́ jù, nítorí irúgbìn sóyà a máa tètè bàjẹ́ nínú àká. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ SARI ní Nyankpala, nítòsí Tamale, ti mú irú kan jáde tí ń jẹ́ Jenguma, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ‘Dúró dè mí’, nítorí pé èso rẹ̀ kì í tètè là dà sílẹ̀ bí ó bá gbó tán.

Nàìjíríà náà gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ní ọdún 2012, nígbà tí Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn: àgbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù, ó sì ń fi í ra ajílẹ̀ ní ìlàjì owó.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Tamale gan-an ni ìjọba Gánà ti kéde apá kejì ètò rẹ̀. Wọ́n fi àwìn rọ́pò ẹ̀dínwó: àgbẹ̀ yóò gba irúgbìn àti ajílẹ̀ nígbà ìgbìn, yóò sì fi irè oko san án padà nígbà ìkórè. Iye tí wọ́n bá ka àpò sóyà sí lọ́jọ́ ìsanpadà ni yóò sọ bóyá àgbẹ̀ jèrè tàbí ó pàdánù. Bí òjò bá sì kọ̀, gbèsè kò ní kọ̀.

Ní ọdún 2025, ìjọba Ààrẹ John Mahama gbé ètò tirẹ̀, ‘Feed Ghana’, kalẹ̀. Orúkọ ètò lè yí padà, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni àgbẹ̀ Kpalsi yóò máa béèrè: ǹjẹ́ irúgbìn yóò dé kí òjò tó lọ? Ẹ̀wà sóyà lè dúró de olóko. Òjò kì í dúró de ìjọba.